Káàdì Wa Pé Ọmọ Ọdún 15, Ẹ Bá Wa Yọ̀

Ní ọdún 2024, ọmọ kan tí wọ́n bí lọ́dún 2009 pé ọmọ ọdún 15. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti wọ ọjà tí ọkọ̀ agbówó báńkì ò gbójú gba ibẹ̀ kọjá rí. Káàdì Verve ni mò ń wí, káàdì ìsanwó tí iléeṣẹ́ Interswitch gbé jáde ní Nàìjíríà, tí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ síta sì ti ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ẹni tó bá ṣe ọjọ́ ìbí tí kò pe ará àdúgbò, ahun là ń pè é. Ìdí nìyí tí mo fi ń ké sí gbogbo yín.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó kàn mí. N kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, n ò ní ìpín kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó fún mi ní agboòrùn tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára. Ọmọ ìyá aláṣọ kan ní Gbági, n'Ìbàdàn, ni mí, mo sì mọ bí owó ṣe ń wúwo tó kí káàdì tó dé. Mo ti ru owó nínú ike rí, tí ìyá mi da gààrí bò ó lórí kí àwọn jágùdà má baà fura. Orí mi ni gààrí wà, àyà mi ni owó wà. Títí a fi dé báńkì, ìyá mi ò yé bínú sí mi pé mò ń rìn bí ẹni tó gbé owó.

Àwọn kan a máa sọ pé àjèjì ni káàdì láàárín wa. Irọ́ ni. Kí báńkì tó máa fún ènìyàn ní káàdì ni alájọ ti ń pín in kiri ọjà. Páálí pélébé ni, wọ́n fa ilà 31 sí i, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilà tirẹ̀. Àràárọ̀ ni alájọ máa ń yà sí ìsọ̀ ìyá mi. Ìyá mi á na owó sí i, alájọ á fi báírò sàmì sí káàdì ọwọ́ tirẹ̀, á tún sàmì sí èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá mi, ó di ìsọ̀ kejì. Tí oṣù bá parí, ìyá mi á kó owó rẹ̀, alájọ á sì mú owó ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé gbogbo ètò ti pé síbẹ̀: olówó, olùtọ́jú owó, àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, àti owó iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí káàdì náà mọ ọ̀nà ìsọ̀ oníṣu fúnra rẹ̀.

Bí a bá sì ń ka àwọn baba ńlá káàdì, a ò gbọdọ̀ fo Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gba àjọ káàkiri. Wọ́n ní kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, síbẹ̀ kò ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Òun la ṣì fi ń ṣàpèjúwe ẹni tí orí rẹ̀ pé títí dòní. Ọdún 2012 ni bàbá náà jáde láyé. Ọdún yẹn gan-an, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín níná owó bébà kù ní Èkó. N ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi a máa ṣe gìrì: orí tó jẹ́ ìwé owó Ṣómólú sùn, ẹ̀rọ jí, lọ́dún kan náà.

Ọ̀nà tí ọmọ wa gbà dé ayé kò kúrú. Ọdún 1989 ni ẹ̀rọ ATM àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà, báńkì Société Générale ló gbé e wá. Fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà, ìròyìn lásán ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó á lọ sí ẹ̀ka tó ti ṣí àkáǹtì, wọ́n á gba ìwé rẹ̀, wọ́n á fún un ní táálì, á jókòó. Táálì 78 lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe 23. Àwọn tó gbọ́n máa ń gbé oúnjẹ dání. Nígbà tí ATM tilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ̀rọ báńkì kan kì í dá káàdì báńkì kejì mọ̀, bí ìdílé tó ń bára wọn jà. Ọdún 2002 ni wọ́n dá Interswitch sílẹ̀, Mitchell Elegbe ló ṣáájú wọn, tí wọ́n sì fi okùn kan so àwọn báńkì pọ̀. Okùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yìn, torí kò sí ẹni tó ń rí i.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ki káàdì bọ POS, ẹ̀rọ ìgbowó oníṣu. Ẹ tẹ PIN. Ìránṣẹ́ kan tí ojú ò rí gbéra, ó gba ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dé ọ̀dọ̀ báńkì tó ni POS, ó dé oríta, wọ́n júwe báńkì tiyín fún un. Báńkì yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá PIN bára mu, bóyá owó wà nílé, ó fèsì. Ìránṣẹ́ sáré padà. Kí oníṣu tó di iṣu mẹ́ta pọ̀ tán, ó ti dé. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá ni o. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, iṣu á di tán, á tún tú, ìránṣẹ́ ò ní dé.

Àwọn káàdì tó ṣáájú Verve ní ilà dúdú kan lẹ́yìn. Olófòófó ni ilà dúdú yẹn: ohun kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn gbájúẹ̀ máa dà á kọ sára káàdì mìíràn, kí wọ́n sì gbọ́n àkáǹtì olówó gbẹ. Chip ni Verve mú wá ní tirẹ̀, pèlèbé kékeré tó ń dán bíi wúrà níwájú rẹ̀ yẹn. Chip kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ná an ló ń hun àṣírí tuntun, bí ọba tó ń pààrọ̀ àrokò kí ọ̀tá má baà mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó di 2010, CBN ní kí gbogbo báńkì kúrò lórí ilà dúdú, kí wọ́n bọ́ sórí chip. Olè káàdì ò tán, àwọn ọmọ yẹn kì í gbàgbé iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti wá fi ẹnu dídùn tọrọ PIN lọ́wọ́ yín lórí fóònù báyìí. Ẹ má fún wọn.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ dídín owó bébà kù náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní 2012? Sanusi Lamido Sanusi ni gómìnà CBN. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹni tó bá gba owó ju 150,000 náírà lọ lójúmọ́ á san owó lé e. Ariwo sọ, wọ́n gbé e dé 500,000, wọ́n ní kí ti iléeṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 3. Ní ọjà Ìdúmọ̀tà, ní Èkó, àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá káàdì ni wọ́n máa nà sí kọ̀ńdọ́ dáńfó. POS wà lórí káńtà lóòótọ́, wọ́n fi aṣọ bò ó kí eruku má baà jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣí i, orin kan ló wà lẹ́nu gbogbo ọlọ́jà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Kì í sì í ṣe irọ́.

Ó wá di oṣù Èrèlé 2023. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí díẹ̀, torí ibí ni ọmọ ti di géńdé. CBN ti pààrọ̀ aṣọ 200, 500 àti 1,000 náírà, owó tuntun bọ́ sígboro nínú oṣù Ọ̀pẹ 2022, wọ́n ń kó ti àtijọ́ wọlé, ṣùgbọ́n tuntun ò tó nǹkan. A ń fi owó ra owó. Ẹni tó bá fẹ́ gba 10,000 náírà lọ́dọ̀ oní-POS, ó lè fi 2,000 sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rí àgbà ọkùnrin tó sùn síwájú ATM. Ìyà jẹ wá, n ò ní fi ariwo ọjọ́ ìbí bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ìparí ọdún náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni mo lọ sí ìsọ̀ ìyá oníṣu kan ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ebi ń pa mí, kò sí kọ́bọ̀ lápò mi.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, n ò ní kéèṣì o."

"Ta ló bi ọ́ ní kéèṣì? Mú káàdì wá, ọmọ mi."

Ó fa POS yọ lábẹ́ tábìlì, ó fi etí ìró nù ún, ó nà án sí mi, ó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Tẹ̀ ẹ́. N ò wò ọ́." Mo tẹ̀ ẹ́. A jọ dúró, a ń wo ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Nígbà tí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìyá náà figbe ta: "Ó ti wọlé o!" Gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A dúpẹ́!" Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ gba owó iṣu mẹ́ta rí.

Nítorí náà, tí a bá fẹ́ pín ẹran àsè yìí, àwọn oní-POS ni kí a kọ́kọ́ bu fún. Ẹ̀yin abẹ́ agboòrùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tábìlì kan àti àga méjì, ẹ kú oríire! Báńkì ò kọ́ ilé sí abúlé, ẹ̀yin lẹ di báńkì. Ẹ gba 100 náírà lórí 5,000, a kùn, a sì san án, torí owó ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ATM wà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: káàdì tí wọ́n ní kó wá lé owó bébà lọ, òun gan-an la wá ń lò jù láti fi gba owó bébà lábẹ́ agboòrùn. Ní ti ọjà rírà, transfer ti ń gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́" ti di ìkíni. Ẹ̀gbọ́n kì í bínú àbúrò.

Ọmọ tí à ń kí yìí náà ti ṣe wá rí o. ATM báńkì kan gbé káàdì mi mì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, bí ẹni pé mo lè gbààwẹ̀ láàárín. Ìgbà kan, alert yọ, ẹ̀rọ ò yọ owó. Orúkọ ọmọ náà tún gùn: nọ́ńbà ara Verve tèmi jẹ́ 19. Mo ti fẹ́ fi ra ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òkèèrè rí, àyè 16 ni wọ́n là sílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta dúró síta bí ẹrù tí kò wọ bùtù ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni. Owó iṣẹ́ àwọn káàdì ilẹ̀ òkèèrè, dọ́là ni wọ́n fi ń kà á. Tirẹ̀, náírà ni, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí dọ́là ti ń sá fún gbogbo wa. Ní 2019, Visa tí gbogbo ènìyàn rò pé orogún ni, òun gan-an ló wá ra ìpín nínú Interswitch. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, CBN àti NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń so ìsanwó àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, bí àbúrò fún un, wọ́n sọ káàdì náà ní AfriGo. Ilé ń kún. Ẹ kú ewu ọmọ!

Ọdún yóò yabo o, ẹ̀mí yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Káàdì Verve mi àkọ́kọ́ ti kú sílé, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti pé, n ò gé e sí méjì bí báńkì ṣe ní kí n gé e. Agolo bisikíìtì ìyá mi ni mo sọ ọ́ sí, níbi tí káàdì alájọ rẹ̀ ìkẹyìn wà, tí alájọ sàmì sí dé ilà 22. Ẹni tó bá ṣí agolo náà á bá àwọn méjèèjì níbẹ̀: ọ̀kan ní ilà 31, èkejì ní nọ́ńbà 19.