Ta ni yóò kọ ìtàn òkè wa?

Láti ọdún 2010 ni Dókítà Wálé Òkédìran ti dá ilé àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tó sì fi orúkọ òkè Ẹ̀bẹ̀dì pè é. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń lọ parí ìwé wọn níbẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn àti ewì kíkọ.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè wo ni ọmọ yóò fi kọ òkè tó ń wò lójoojúmọ́? Yorùbá ni Fágúnwà fi kọ Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́dún 1938, a ṣì ń kà á. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan pe àgbà tó mọ orúkọ òkè àti odò wa sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá lọ láìsọ, kí lọmọ yóò kọ?