Kẹ́ ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sí Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ gbé app kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sílé ló gbé mi dé o. Ẹ ń rí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fi fóònù yá káàkiri Manchester, ẹ ní owó wà níbẹ̀. Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tójú àwọn tó ṣáájú rí.

Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni Mobike, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, kó kẹ̀kẹ́ 1,000 wá sí Manchester àti Salford. Wọn ò ṣe ibùdó kankan: ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o gbé e sí, kó o tì í pa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Shanghai nìyẹn. Níbí, àwọn kan ń já àgádágodo ẹ̀, àwọn kan ń sọ ọ́ sínú canal. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Mobike palẹ̀ ẹrù mọ́.

Àwọn kan ní ọmọ Manchester ló ya ìpáǹle. Èmi ò gbà. Ìlú yìí kan náà ni Beryl wọ̀ lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n TfGM, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà níbí, ló gbéṣẹ́ fún un. Wọ́n ṣe ibùdó téèyàn ti ń gbé kẹ̀kẹ́, tó sì ń dá a padà sí. Olè ò tìtorí ẹ̀ lọ sùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò kú. Kí ló yàtọ̀? Tí nǹkan bá bàjẹ́, ìlú mọ ẹni tó máa bi.

Ẹ wo ilé náà. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Gokada ní app, ó ní owó olùdókòòwò, síbẹ̀ òfin ò yà fún un. Ẹrù ni wọ́n padà ń bá èèyàn gbé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, kó má bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Òkè pọ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ò sí, Míkírà ò sì ní yà fún un. Inú ọgbà UI ni kó ti gbìyànjú ẹ̀ wò: géètì wà, aláṣẹ kan ló máa bá ṣàdéhùn. Kó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iye tí wọ́n lè san. Kó bá àwọn awakọ̀ inú ọgbà náà sọ̀rọ̀, torí oúnjẹ wọn ló fẹ́ fọwọ́ kàn.

Bá a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì. App ò mọ ìyẹn, àwa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ wí tiyín o.