Ìṣekúṣe nìkan kọ́ ló ń tan sídà ká: ẹ yé bú ọmọlàkejì yín



Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú wa láti gbọ́. Bí ẹnì kan bá ti ní sídà, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ ló kó bá a. Bó bá wá jẹ́ obìnrin tó ń ná ọjà òkèèrè, wọ́n ti dá a lẹ́bi kó tó lanu. Òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ ló ń gbé sídà kiri jù. Ṣùgbọ́n pé ìlú oníṣekúṣe ni sídà ń pọ̀ sí, irọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílé wa níbí.

Ní 1997 sí 1998, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn èèyàn wò ní ìlú mẹ́rin: Kútọ̀nú tiwa, Yaoundé ní Kamẹrúùnù, Kisumu ní Kẹ́ńyà àti Ndola ní Sámbíà. Ní Kútọ̀nú, nínú èèyàn 100, bíi 3 ló ní kòkòrò sídà. Ní Kisumu àti Ndola, nínú obìnrin 100, ó tó bíi 30. Bẹ́ẹ̀, Yaoundé ni àwọn èèyàn ti sọ pé àwọn ní olólùfẹ́ púpọ̀ jù, sídà ibẹ̀ kò sì sún mọ́ ti Kisumu rárá.

Kí ló wá fà á? Wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà kan, STDSIM, tí wọ́n ṣe ní Rotterdam, dá ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀: èèyàn àfarawé tó ń dàgbà, tó ń fẹ́ra, tó ń kó àrùn ran ara wọn. Wọ́n á yí ohun kan padà, wọ́n á wo ohun tí ọdún púpọ̀ máa mú wá. Ta ló lè dán irú ẹ̀ wò lára ọmọ èèyàn? Èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Ohun méjì ló wúwo níbẹ̀: bóyá wọ́n dádọ̀dọ́ fún ọkùnrin, àti àrùn ìbálòpọ̀ tó ń dá egbò sójú ara, bíi herpes. Ojú egbò ni kòkòrò sídà ń rí gbà wọlé.

Ẹ̀yin eléèébú, ẹ gbọ́: nítorí èébú yín ni ẹlẹ́gbò fi ń fi egbò pamọ́, egbò ìkọ̀kọ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún sídà. Kí ẹni tí olóólà ti kọlà fún má sì rò pé òun ti bọ́. Ó ń dín ewu kù fún ọkùnrin ni, kò pa á rẹ́.

Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, tọkọtaya. Ẹ tọ́jú egbò ní ilé ìwòsàn. Ẹ lo rọ́bà ìdáàbòbò. Ẹ fi ẹnu yín gba èèyàn níyànjú, ẹ má fi ṣẹ́ ẹ léèébú mọ́.