Ṣé A Kò Nílé Ni?

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ìlú Ọba ti ń béèrè ohun tí ẹgbẹ́ wọn nílé ìwé ń ṣe: ká fa kárávàn lọ sí etíkun Sípéènì, ká sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti Peckham dé Manchester, èsì kan náà ló ń jáde lẹ́nu òbí: "Ṣé a kò nílé ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ń sùn síta dáadáa. Lọ sí Kám̀pù Ìràpadà, ibùdó àdúrà tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nínú oṣù Kejìlá, wàá rí ìdílé tó tẹ́ ẹní, tó gbé kúlà, tó so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Yà sí Ògèrè, kó o wo àwọn awakọ̀ tírélà: sítóòfù kékeré lábẹ́ ọkọ̀, aṣọ lórí okùn, ẹní, rédíò. Kí ló kù tí kárávàn fi jù ú lọ? Ohun tí kò bá wa lára mu ni ká sùn síta láìjẹ́ pé àdúrà tàbí iṣẹ́ ló gbé wa lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Iléṣà, tó ní àna ní Ọ̀yọ́, kí ló fẹ́ fi àgọ́ ṣe? Ilé ẹbí la ti ń sinmi. Bó o bá lọ sùn síbòmíràn nínú ìlú tí àbúrò bàbá rẹ ń gbé, ìjà ni. Ti òyìnbó yàtọ̀. Dókítà kan, ọmọ Scotland, Gordon Stables, ní kí wọ́n kan ilé onígi tí ẹṣin ń fà fún òun lọ́dún 1885, ó sì fi rìnrìn àjò ìgbádùn. Ibẹ̀ ni eré yìí ti gbilẹ̀.

Èmi fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí àwọn olùpolówó ń sọ. Wọ́n ní òmìnira ni kárávàn, pé ibi tó bá wù ọ́ lo máa dúró sí. Irọ́ ni, pàápàá fún ìdílé bíi tiwa tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan. Àwọn ọmọ tó mú ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì lè lo 90 ọjọ́ nínú 180 nílẹ̀ Schengen. Màmá tó ṣì mú ti Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì tó ní kò gbà á sílẹ̀: físà ni, yúrò 90, pẹ̀lú ìwé ìdójútòfò tó lè san ó kéré tán yúrò 30,000 bí àìsàn bá dé. Wọ́n á sì bi í pé ibo ló máa sùn. Ẹni tó bá dáhùn pé ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ó ti pàdánù físà nìyẹn. Ẹ yan ibùdó kan, ẹ gba àyè alẹ́ gbogbo níbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Lójú ọ̀nà Sípéènì pàápàá, òfin ti ya pípáàkì sọ́tọ̀ kúrò lára pípàgọ́. Ọkọ̀ tó jẹ́ ilé lè páàkì bíi ti ẹlòmíì, kí onílé sì sùn sínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ táyà nìkan ló kan ilẹ̀. Bó o bá gbé àga kan ṣoṣo síta láti mu tíì, o ti pàgọ́ nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè bu owó ìtanràn lé ọ.

Ní ti fífa kárávàn fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, láìṣe ìdánwò míì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán ti tó láti fa ẹrù tó tó kílò 3,500 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò kọ́ èèyàn bí a ṣe ń fi kárávàn rìn sẹ́yìn o. Kò sì kọ́ wa bí a ṣe ń dì í. Àwa tí a ń kó ẹrù lọ sílé mọ̀ pé ibi tí àyè bá wà ni àpò ìrẹsì ń lọ, ẹ̀yìn pátápátá sì ni àyè máa ń wà. Bí ẹ̀yìn kárávàn bá wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà márosẹ̀, á sì máa gbé ìdí mọ́tò lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìrẹsì, kéègì òróró, omi: ìsàlẹ̀ ni, lókè táyà gan-an. Ẹ̀yìn, ìrọ̀rí àti aṣọ.

Ẹran díndín inú kúlà kò ní kọjá ibodè, nítorí ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹran àti wàrà láti Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọ̀ràn iná mànàmáná náà tún wà níbẹ̀. Kẹ́tùlù Ìlú Ọba lè gba wáàtì 3,000. Ibùdó tó fún ọ ní áḿpù 6 kò lè gbé ju nǹkan bíi 1,400 lọ. O tan kẹ́tùlù, pàà, òkùnkùn. Ẹni tó dàgbà lábẹ́ NEPA kò ní bẹ̀rù, àmọ́ gáàsì ni kó fi se ọbẹ̀. Kò ní lè fi igi dáná: ní Catalonia ní Sípéènì, láti 15 oṣù Kẹta sí 15 oṣù Kẹwàá, èèwọ̀ ni iná dídá nínú igbó àti nítòsí rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí ló ká mi lára jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ní Biescas, lórí òkè Pyrenees, omi òjò ya wọ ibùdó kan tí wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà odò, èèyàn 87 kú. Ọmọ Ìbàdàn tó rántí ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 kò nílò àlàyé. Etíkun Mẹditaréníà kún fún odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, tó ń pa dà wá lójijì. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

Kí ló wá dára níbẹ̀? Ìgbé ayé ojúkojú. Ní àárọ̀ ní ibùdó, àwọn ọkùnrin á gbé abọ́ sábẹ́ apá, wọ́n á tò síbi ìfọwọ́ gígùn kan, wọ́n á máa fọ àwo, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Ọmọ tó jí ní àgọ́ tirẹ̀ á jẹun ní ti aládùúgbò. Ará Netherlands tí kò mọ̀ ọ́ rí á yá ọ ní òòlù. Kò sí ògiri níbẹ̀, ọgbà ewéko tó mọni dé orúnkún ni. Nílé, ní Lẹ́kí àti Bódìjà, a ti mọ odi yí ara wa ká, a fi ìgò fífọ́ dé e lórí. Màmá tí kò rí ẹni kí láti àárọ̀ dalẹ́ ní London á rí ogún èèyàn kí kó tó dé ibi omi.

Ṣé ó lè ṣe é ṣe nílé? Àwọn èèyàn ń lọ sí Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, síbẹ̀ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fa ilé rẹ̀ lọ síbẹ̀ báyìí, nítorí àwọn ajínigbé. Kám̀pù àwọn onígbàgbọ́ ti fi hàn pé níbi tí odi, omi, iná àti ẹ̀ṣọ́ bá wà, àwọn èèyàn wa ń fi ìdùnnú sùn lórí ẹní. Ohun tí kò tíì sí ni ẹni tó máa pèsè irú rẹ̀ fún fàájì.

Ní ti àkókò, oṣù Kẹsàn-án ló dára jù: òkun ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn ará Sípéènì ti pa dà síṣẹ́, owó ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé nílẹ̀ England kò lè lọ nígbà náà láìsan ìtanràn pọ́n-ùn 80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún òbí kọ̀ọ̀kan, bó bá tiẹ̀ tètè san án. Oṣù Kẹjọ kù fún un, pẹ̀lú ooru àti èrò. Kó tètè wá ibùdó tó ní igi, kó sì jẹ́ èyí tó máa dá owó pa dà bí wọn kò bá fún Màmá ní físà.