Indomie Alẹ́ Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni mo gbé wá lónìí.

Bí ẹ bá gba Òkè Padre kọjá lẹ́yìn aago méje alẹ́, ẹ ó rí ìsọ̀ oní-Indomie àti tíì. Àwọn ọ̀dọ́ la mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn àgbà náà ń rán ọmọ lọ rà á. Ìyá mi wà lára wọn. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Wọ́n ní eyín àwọn kò gba ẹran mọ́, àmàlà sì wúwo lóru. Wọ́n á jẹ Indomie, wọ́n á sì mu omi rẹ̀ tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn ní oṣù tó kọjá, 178 lórí 102 ni. Wọn kò fo oògùn, èmi ni mo ń kà á fún wọn. N kò ní Indomie nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé àbẹ́là wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, irọ́ ni. Momofuku Ando ló kọ́kọ́ ṣe irú oúnjẹ yìí ní Japan lọ́dún 1958. Ramen, tí wọ́n ń jẹ nínú abọ́ ńlá ní ilé oúnjẹ wọn, ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó dín in nínú òróró gbígbóná kí ó lè gbẹ, kí ó má bàjẹ́. Òróró yẹn lẹ ń rí tó ń dán lójú omi. Lọ́dún 2023 pẹ̀lú, ariwo kẹ́míkà ta láti Taiwan àti Malaysia. NAFDAC yẹ èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà wò, wọn kò rí kẹ́míkà náà níbẹ̀. Níbi tí a ti ń bẹ̀rù àbẹ́là, iyọ̀ ń rí ọ̀nà wọlé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Ẹ yí ọ̀rá Indomie yín padà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ sodium sí. 1,000 mílígíráàmù sodium jẹ́ iyọ̀ gíráàmù méjì àbọ̀. Ẹ ṣọ́ra o, nígbà mìíràn gíráàmù 100 ni wọ́n fi ṣírò, kì í ṣe ọ̀rá kan. Mo dúró wo oní-Indomie àdúgbò wa: ọ̀rá méjì, èròjà méjèèjì, ó tún fọ́ Maggi sí i. Ó ní bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà á ní kò dùn. Inú omi yẹn sì ni iyọ̀ pọ̀ sí jù.

Àwọn ará Japan gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní àríwá ilẹ̀ wọn, ní Akita, iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ láyé àtijọ́, rọpárọsẹ̀ sì ń pa wọ́n. Wọ́n polongo títí, àwọn èèyàn dín iyọ̀ kù, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ikú náà sì lọ sílẹ̀ gan-an. Lónìí, àwọn kan níbẹ̀ a jẹ ramen tán, wọn a fi omi rẹ̀ sílẹ̀ sínú abọ́.

Ká má tan ara wa, àwa ọmọ la fi ọwọ́ ara wa fà á. Mọ́ínmọ́ín ń fẹ́ ẹni tí yóò lọ ẹ̀wà, tí yóò dúró tì í. Indomie kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. A ra páálí kan ránṣẹ́ sílé, a sì gbà pé a ti tọ́jú ìyá wa.

Nílé wa báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. A ń da omi àkọ́kọ́ nù, ìdajì èròjà la ń lò, kò sí Maggi, a ń fi ṣọkọ̀ àti ẹyin sí i. Ní alẹ́ yòókù, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni. Èmi àti àbúrò mi pín ọjọ́ sísè rẹ̀ láàárín ara wa. Oògùn wọn kò yí padà, a kò fi oúnjẹ rọ́pò rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá mi ní oúnjẹ aláìsàn ni mo ń fún àwọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí n bu irú díẹ̀ sí i. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la ó padà lọ wọn ìfúnpá wọn.