Bí Owó Bá Ti Ọwọ́ Jáde, Kí Ìwé Tẹ̀ Lé E



Ọ̀rọ̀ owó-orí ni a fẹ́ bá yín sọ. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2026. Ẹni tí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún, lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́, kò ju ₦800,000 lọ kò ní san kọ́bọ̀. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ₦15 nínú ₦100 ni ìjọba yóò mú. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ₦18 nínú ₦100.

Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ yẹn: lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín wà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì tí ẹ tún ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: ìnáwó tí a ka owó rẹ̀ léni lọ́wọ́, tí kò gba báńkì kọjá, ṣé a lè yọ ọ́ kúrò kí a tó ṣírò owó-orí?

Ìdáhùn wa ni pé a lè yọ ọ́. Òfin kò sọ pé owó tí a kà fún mẹkáníìkì kì í ṣe owó. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí ìnáwó náà jẹ́ ti iṣẹ́ tó ń mú owó wọlé nìkan, láìsí àbùlà, kí ẹni tó ní òun ná an sì lè fi ẹ̀rí hàn. Agbowó-orí kò ní bá yín wá ẹ̀rí yìí. Bí kò bá sí ìwé, òfin fún un lágbára láti fi ojú inú ara rẹ̀ díwọ̀n iye tí ẹ ó san. Kìkì owó ńlá ni òfin mìíràn dè: òfin ọdún 2022 sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ san ohun tó ju ₦5,000,000 lọ lówó lọ́wọ́, àfi kí ó gba báńkì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní awakọ̀ kan tó ni ọkọ̀ rẹ̀ pa ₦6,000,000 lọ́dún. Ó ná ₦4,000,000 lórí epo, táyà, àtúnṣe, tíkẹ́ẹ̀tì garáàjì àti owó kọ̀ńdọ́kítọ̀. Bí ó bá ní ìwé gbogbo rẹ̀, ₦2,000,000 ni wọn yóò ṣírò lé, owó-orí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦180,000. Bí ó bá ní ìwé ìdajì péré, ó di ₦510,000. Bí kò bá ní ìwé kankan, tí wọ́n sì ka gbogbo ₦6,000,000 sí i lọ́rùn, ó di ₦870,000. Iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ìwé nìkan ló fi ₦690,000 ṣe ìyàtọ̀.

A mọ̀ pé ilé epo lè fún yín ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lẹ táyà létí títì kò ní. Nítorí náà, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí ẹ san owó fún, iye rẹ̀, àti orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó gba owó. Kí ó fọwọ́ sí i, tàbí kí ó tẹ̀ka. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ìwé tí a fi ọjọ́ kan kọ ti odidi ọdún, ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kí ó jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ fọwọ́ sí iye tó ń kó fún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi fóònù san owó, báńkì yóò fi hàn pé owó jáde, kò ní sọ ohun tí ẹ rà. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ má fi owó oúnjẹ ilé tàbí owó ilé ìwé ọmọ kún ìnáwó ọkọ̀. Owó ìtanràn kò sí níbẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà láìsí ìwé, gbèsè lásán ni.

Ẹ̀yin ti fáktírì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Òfin tuntun yìí gbà kí a yọ ₦20 nínú ₦100 owó ilé tí ẹ ń san, kí ó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí onílé bá gba owó lọ́wọ́ yín tí kò kọ rìsíìtì, kí ni ẹ ó fi hàn? Bí wọ́n bá sì rán yín lọ ra nǹkan fún ilé iṣẹ́, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí wọ́n má baà yọ owó náà nínú owó oṣù yín. Ẹ̀yin lébìrà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gba iye tí ẹ kò gbà. Iye tó wà nínú ìwé ni ọ̀gá lè pè ní ìnáwó tirẹ̀, orúkọ yín ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ₦800 lójúmọ́. A fara mọ́ ọn pé kí owó jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni àwa ń béèrè. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ kánsù, ì báà jẹ́ garáàjì, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ wa yìí gan-an, kí ó kọ ìwé tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé rẹ̀ tó ń bọ̀.

Òógùn wa ni owó yìí. Ẹ má jẹ́ kí àìsí ìwé gbà á lọ́wọ́ wa. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!