Ta Ni Yóò Di Kámẹ́rà Mú Níbi Iṣẹ́ Abẹ?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ inú ni wọ́n ń torí rẹ̀ la ikùn ènìyàn gbọọrọ mọ́. Láti ọdún 1985 tí dókítà ará Jámánì kan, Erich Mühe, ti gba ojú ihò kéékèèké yọ àpò òróòro ni ọ̀nà náà ti ń gbilẹ̀. Kámẹ́rà tó rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ á gba ihò kan wọlé, irinṣẹ́ á gba àwọn ìyókù, dókítà á sì máa wo iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n. Ojú ọgbẹ́ kì í tóbi, aláìsàn sì máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ti kún ọwọ́ dókítà náà méjèèjì. Dókítà mìíràn ló máa ń dúró tì í láti gbé kámẹ́rà dání, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwòrán á sì máa mì. Ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀, nítorí àwòrán yẹn ni ojú ẹni tí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń di kámẹ́rà mú. Ní 1994 ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí AESOP. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó kéré sí i dé: ViKY ti ilẹ̀ Faransé, òrùka tí wọ́n ń gbé lé ikùn aláìsàn, àti FreeHand ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń tẹ̀lé bí dókítà ṣe ń mi orí. Kí àwọn àgbà fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í gé ẹnikẹ́ni. Wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ da Vinci, róbọ́ọ̀tì ńlá tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkẹjà gbọ̀ngbọ̀n. Bí àwọn dókítà ṣe ń rọ́ lọ sókè òkun, ilé ìwòsàn tó bá ń fi odidi dókítà kan ṣe òpó kámẹ́rà ń fi ohun tó ṣọ̀wọ́n ṣòfò. Òótọ́ ni pé ibi ìdúró yẹn ni àwọn dókítà kéékèèké ti ń kọ́ṣẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ wọn pátápátá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá ilé ìwòsàn tó di LASUTH ní 2001 sílẹ̀ ní 1955. Òun náà ló dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ṣì ń gbójú sí fún irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. Apá irin tí wọ́n ń dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì láti di kámẹ́rà mú, tí kò nílò iná mànàmáná rárá, kò yẹ kó kọjá agbára àwọn oníṣẹ́ irin Ìkẹjà àti Agége, bí NAFDAC bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá sì fẹ́ ra èyí tó ń lo iná, kí ẹni tó tà á kọ́kọ́ kọ́ àwọn ẹlẹ́rọ ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kó tó gba kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.